Bí ẹ ṣe lè sin ejò àgbàdo nínú ilé l'Ékòó, àti bí ẹ ṣe lè mú kó bímọ

Ejò tí mò ń wí yìí, corn snake ni wọ́n ń pè é lókè òkun, èmi àtàwọn tá a jọ ń sìn ín máa ń pè é ní ejò àgbàdo. Kò lóró rárá. Ṣe ló máa ń wé mọ́ eku, á fún un pa, á wá gbé e mì láti orí. Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀, apá gúúsù ìlà oòrùn níbẹ̀, láti New Jersey títí dé Florida, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń bá a nínú àká àgbàdo torí pé eku tó ń jẹ àgbàdo ló ń lé kiri, àwọn mìíì sì ní ikùn ẹ̀ tó ní dúdú àti funfun lọ́gbọọgba bí àgbàdo aláwọ̀ méjì ló fún un lórúkọ yẹn. Tó bá dàgbà tán ó máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5, ó sì lè lo ọdún 15 sí 20 lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ ìtọ́jú, ìyẹn ni pé ẹni tó bá rà á lónìí, àfi kó mọ̀ pé ọmọ tí òun bá bí lọ́dún yìí lè wọ yunifásítì kí ejò náà tó kú.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sìn wọ́n ní Bàrígà, nínú rúùmù kan àti pálọ̀. Ohun tí mo wá rí ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ máa rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ejò yìí, ẹni tó wà níbi òtútù ló kọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ ra máàtì tó ń gbóná, kí ẹ ra gílóòbù tó ń mú ooru wá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó lóṣù kẹta kí ẹ wò ó, ẹ ti se ejò yẹn jinná nìyẹn. Tiwa níbí, iṣẹ́ ibẹ̀ ni ká máa gba ooru àti ọ̀rinrin kúrò lára ẹ̀, ká sì rí i pé ìdérí ilé ẹ̀ ò ṣí láéláé, torí ejò tó bá jáde sí kọ́ríd​ọ̀ l'Ékòó, ẹ má retí pé wọ́n á bá yín gbé e padà.

1. Kí ẹ tó gbé e wọlé

Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tí ẹ jọ ń gbélé sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ fi pamọ́, èmi náà fi pamọ́ níbẹ̀rẹ̀, mo máa sọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ fún yín níwájú. Tẹ́ẹ bá ń gbé ilé rẹ́ǹtì, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Tó bá ní rárá, ẹ gbà fún un, kí ẹ ra ẹja tàbí ẹyẹ, kó tó di pé ẹ̀yin àti ejò jọ ń wá ilé láàárín ọdún.

Ẹ má ra ejò tí wọ́n mú nínú igbó. Ẹni tó bá gbé ejò wá bá yín nínú sàkì tó ní irú èyí tí ẹ ń wá ni, irọ́ ló ń pa, kò sí ejò àgbàdo nínú igbó wa, ohun tó wà nínú sàkì yẹn sì lè jẹ́ paramọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó sin ìyá àti bàbá ẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Tó bá jẹ́ pé láti òkè òkun ni ẹ fẹ́ mú un wọlé, àfi kí ẹ gba pámíìtì lọ́wọ́ àwọn NAQS, àwọn ló ń rí sí ẹranko àti ohun ọ̀gbìn tó ń wọ Nàìjíríà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun máa dọ́gbọ́n gbé e gba inú báàgì.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé e sọ́wọ́. Ara ẹ̀ yẹ kó le dáadáa, kì í ṣe kó rọ bí okùn. Ẹ wo ojú ẹ̀ bóyá ó mọ́, ẹ wo imú àti ẹnu ẹ̀ bóyá itọ́ ń hó níbẹ̀. Ẹ wo inú omi tó ń mu, tí ẹ bá rí nǹkan dúdú kéékèèké bí eruku ata nísàlẹ̀ omi, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò ni, ẹ máa lọ. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ níwájú yín, tàbí kí wọ́n fi fídíò ibi tó ti ń jẹun hàn yín.

2. Ilé ẹ̀

Ọmọ ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ò ju bí bírò méjì tí a tò léra wọn lọ ní gígùn, nítorí náà kóńtéènà ike tó ní ìdérí, èyí tí wọ́n ń tà n'Ídùmọ̀tà fún ìrẹsì, ti tó un fún bí ọdún kan. Ẹ má fi ọmọ kékeré sínú ilé ńlá láìfi ibi ìsápamọ́ púpọ̀ sí i, ẹ̀rù á máa bà á, kò ní jẹun. Tó bá wá dàgbà, àpótí tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 60, ni mo fọwọ́ sí. Káfíńtà wa ní Ṣómólú ló kan tèmi, pákó píláíwúùdù, iwájú ẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó ń fà sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ihò tí a fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bò kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ejò á fi imú gbo ó títí á fi ya, imú òun náà á sì bó.

Ẹ fi bírò dán gbogbo ihò wò. Ibi tí bírò bá ti lè kọjá, orí ọmọ ejò á kọjá, ibi tí orí ẹ̀ bá sì kọjá gbogbo ara á tẹ̀ lé e.

Ẹ wá fi àgádágodo sí i. Ẹ má ṣe sọ pé ìdérí yẹn le. Ìdérí tèmi náà le. Oṣù kejì tí mo ra àkọ́kọ́, kóńtéènà yẹn ní kílíìpù mẹ́rin, ọ̀kan ti kán, mo ní mẹ́ta tó kù á mú un. Àárọ̀ Sátidé, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni mo gbọ́ igbe láti kíṣìnnì, kíṣìnnì kan náà ni gbogbo wa ń lò nílé yẹn. Mo sáré débẹ̀. Ejò ti ká ara ẹ̀ sẹ́yìn sílíńdà gáàsì Ìyá Kúdí, orí ẹ̀ nìkan ló yọ, ahọ́n ẹ̀ ń yọ wọlé yọ síta, ọmọkùnrin ilé kejì ti gbé ọmọ odó sókè. Mo dúró sáàárín wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni, kì í ṣeni ní nǹkan. Ìyá Kúdí wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ejò lo gbé wọlé tọ̀ wá, tí mò ń tẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀?" Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá yẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ó yẹ kí n ti sọ fún yín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé òótọ́ ló sọ, ọmọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan nígbà yẹn, mi ò sì bi í léèrè kí n tó gbé nǹkan tó ń dẹ́rù bà á wá sábẹ́ òrùlé ẹ̀.

Látìgbà yẹn, kí ejò tuntun tó wọlé, mo máa ń pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wo àpótí, kí wọ́n fọwọ́ fa gíláàsì ẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n rí àgádágodo. Mo lẹ nọ́ńbà fóònù mi mọ́ ilẹ̀kùn pé tí ẹ bá rí ejò aláwọ̀ ọsàn, ẹ pè mí, ẹ má pa á. Ìyá Kúdí ló wá ń bi mí báyìí bóyá ejò mi ti jẹun.

Inú ilé ẹ̀ ò nílò nǹkan rẹpẹtẹ. Ibi ìsápamọ́ méjì, ọ̀kan lápá tó gbóná díẹ̀, ọ̀kan lápá tó tutù, abọ́ ike tí ẹ dojú ẹ̀ dé tí ẹ sì gé ilẹ̀kùn sí lára ti tó. Àwo omi tó wúwo tí kò lè dà nù. Ẹ̀ka igi kan tó lè gùn. Nísàlẹ̀, bébà ìròyìn tàbí tíṣù ni mò ń tẹ́. Ẹ má lọ kó ìyẹ̀pẹ̀ pákó níbi tí wọ́n ti ń la pákó o, igi oríṣiríṣi ló wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín èwo ni èwo, igi mìíì sì wà tí òórùn ẹ̀ nìkan máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Bébà ò rẹwà lójú ṣùgbọ́n tó bá ṣu sí i ẹ ó rí i, ẹ ó ká a kúrò, ó tán.

3. Ooru àti ọ̀rinrin

Ẹ ra tẹmómítà méjì, ẹ fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì. Apá tó gbóná yẹ kó wà láàárín 28 sí 31°C, apá tó tutù láàárín 23 sí 26°C. Tó bá ti ń lọ sí 34, 35, ejò wà nínú ewu. L'Ékòó apá tó gbóná kì í ní wa lára, yàrá fúnra ẹ̀ ti gbóná, apá tó tutù ni iṣẹ́.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Àpótí wà nílẹ̀, kò sí lórí tábìlì, kò sí lẹ́bàá fèrèsé, kò sì sí lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń nà. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹrin, tí òrùlé páànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ooru sílẹ̀, mo máa ń di píọ̀ wọ́tà nínú fìríìjì, màá fi aṣọ wé e, màá gbé e lé orí àpótí lápá kan, níta, kó má kan ejò. Ìgò omi tútù tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsápamọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Fáànù dára tí iná bá wà, àmọ́ ẹ má kọjú ẹ̀ sí ejò gan-an, ògiri ni kí ẹ kọjú ẹ̀ sí. Nígbà òtútù ọyẹ́, tí òru bá já sí 22, ẹ má dààmú, ejò yìí mọ òtútù ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó ti wá.

Ọ̀rinrin ló ń pa ejò àwọn èèyàn l'Ékòó tí wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tó pa á. Ejò yìí fẹ́ kí ọ̀rinrin wà ní nǹkan bíi 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, tiwa níbí sì máa ń kọjá 80 lọ́pọ̀ ìgbà. Tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, bébà á máa tutù, awọ ikùn ejò á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa rà, tàbí kó máa la ẹnu mí tí itọ́ á sì máa hó. Nítorí náà, ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwo omi kékeré dípò ńlá, bébà tó tutù kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá rí itọ́ tó ń hó lẹ́nu ejò kó gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kó má dúró dọ̀la. Tí èyí tó wà ládùúgbò ò bá mọ ejò tọ́jú, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

4. Oúnjẹ

Eku ni, kò sí nǹkan mìíì. Ẹ má fún un lálángbá, ẹ má sì mú èkúté ilé fún un láéláé, èkúté tó jẹ májèlé ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ á pa ejò yín lórí òkè, irú èkúté kan sì wà lára wọn tó ń gbé ibà Lassa kiri, ó sì lè mú ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ mú un.

Eku funfun ni mò ń sìn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí máa ń lò. Akọ 1 sí abo 3 nínú kóńtéènà kan, oúnjẹ adìẹ àti ọkà bàbà, omi. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 20 abo á bímọ. Ó ń rùn o, mi ò ní tàn yín, bálíkónì ni tèmi wà, mo sì ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọmọ ejò máa ń jẹ ọmọ eku pupa tí kò tíì hu irun, ẹyọ kan lọ́jọ́ 5 sí 7. Bó ṣe ń dàgbà ni eku ẹ̀ ń tóbi, ẹ wo ibi tí ara ejò ti sanra jù, eku ò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ, tàbí kó fi díẹ̀ ju ú lọ. Èyí tó ti dàgbà, eku ńlá kan lọ́jọ́ 10 sí 14 tó un. Àwọn èèyàn máa ń fún un ní àjẹjù torí pé ó máa ń ṣe bí ẹni tí ebi ń pa, ejò tó sanra jù kì í pẹ́ láyé.

Eku tó ti kú ni kí ẹ máa fún un. Eku ààyè lè bù ú jẹ lójú. Mo máa ń kó wọn sínú ọ̀rá kéékèèké sí firíísà, ṣùgbọ́n ẹ mọ NEPA wa, tí iná bá ti lọ tí eku yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, ẹ jù ú nù. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ki ọ̀rá yẹn bọ inú omi gbígbóná títí eku á fi rọ̀ dé inú, kí ara ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ẹ̀mú gígùn gbé e síwájú ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ má gbé e, torí á bì í. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ejò tàbí eku, ejò lè ní kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Salmonella lára láìṣàìsàn, ẹ̀yin ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gan-an, ẹ rí i pé ó fọwọ́ ẹ̀.

5. Tó bá fẹ́ bọ́ awọ

Ojú ẹ̀ á dà bíi wàrà tó pọ̀ mọ́ omi, àwọ̀ ara ẹ̀ á ṣú. Ẹ má gbé e, kò ríran dáadáa nígbà yẹn. Ẹ fi tíṣù tútù sínú ibi ìsápamọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn nìkan ni ìgbà tí mo fẹ́ ọ̀rinrin. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì awọ á bọ́ lódindi bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí padà. Tó bá já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ wò ó bóyá ṣóńṣó ìrù àti ojú ti bọ́.

6. Tí ẹ bá fẹ́ kó bímọ

Ẹ kọ́kọ́ mọ akọ mọ abo. Ìrù akọ gùn, ó nípọn láti ihò ìdí lọ sísàlẹ̀ kó tó tín-ín-rín. Ti abo kúrú, ó sì tín-ín-rín kíákíá. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín wò ó, ẹ má fi nǹkan kankan tọ ìdí ejò fúnra yín.

Abo ò gbọ́dọ̀ gba akọ àfi tó bá ti pé ọdún 3, tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tó sì wúwo ju gíráàmù 300 lọ. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síkéèlì kíṣìnnì tó ń wọn ìyẹ̀fun ló dáa jù fún un. Abo tó kéré tí ẹyin há sí nínú, ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá a lọ, mo sì ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì tí kò lè ní sùúrù fún ọdún kan sí i.

Lókè òkun wọ́n máa ń fi ejò sínú òtútù bíi 10 sí 15°C fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí akọ tó gun abo, á sùn, kò ní jẹun. L'Ékòó, àfi kéèyàn ní fìríìjì tàbí AC tí iná kì í lọ lórí ẹ̀. Èmi ò ṣe é. Mo máa ń lo ọyẹ́: láti ìparí oṣù 12 dé oṣù kìíní, màá dín ìmọ́lẹ̀ kù, màá gbé wọn sí ibi tó tutù jù nílé, màá dín oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a dúró. Ibí yìí gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́: tí yàrá yín ò bá tutù dé 15, ẹ má febi pa ejò torí pé ẹ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kì í jẹun nígbà òtútù. Inú òtútù gidi ni ara ẹ̀ ti máa ń dúró, nínú 24 ara ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, á kàn rù ni. Ejò yìí máa ń gun ara wọn láìsùn rárá, tèmi ń ṣe é lọ́dọọdún.

Lóṣù kejì ẹ fún abo lóúnjẹ dáadáa. Lẹ́yìn tó bá bọ́ awọ, ẹ gbé e sínú ilé akọ. Akọ á máa ta kìjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fi ìrù wé ìrù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má dá sí i. Tí wọ́n bá ti tú ká, ẹ yọ abo, kí ẹ tún dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀ á yé. Kó tó yé á tún bọ́ awọ kan, láti ọjọ́ yẹn ẹ máa ka ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ fún un ní ike tó ní ìdérí, tí ẹ lu ihò kan sí lára, tí ẹ fi vermiculite tútù kún, èyí tí àwọn tó ń tọ́ irúgbìn òdòdó ń lò. Inú ẹ̀ ló máa yé sí.

7. Ẹyin

Ẹyin 10 sí 30 ló lè yé, ó funfun, ó rọ̀ bí awọ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fa wọ́n ya. Ẹ má sì yí wọn po bíi tadìẹ, bí wọ́n ṣe wà ni kí ẹ gbé wọn, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí ẹ̀ kí ẹ lè mọ òkè mọ ìsàlẹ̀. Ẹ pò vermiculite pẹ̀lú omi tó wúwo bákan náà lórí síkéèlì, tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, omi ò gbọ́dọ̀ máa ṣàn. Ẹ tò wọ́n sínú ike, ẹ dé e, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ooru wọn 27 sí 29°C, wọ́n á pa láàárín bí ọjọ́ 55 sí 65.

Ọdún àkọ́kọ́, ẹyin 14 ni mo rí, mo gbé wọn sórí wọ́dúróòbù torí pé mo gbọ́ pé ẹyin fẹ́ ooru. Òkè wọ́dúróòbù, lábẹ́ òrùlé páànù, lóṣù kẹrin! Tẹmómítà wà lórí tábìlì nísàlẹ̀, ó ń sọ 30 fún mi lójoojúmọ́, ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e gòkè, ó sọ 36. Ẹyin 9 ti wọ inú, wọ́n ti yí sí àwọ̀ bùráùn, wọ́n ń rùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, n ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ẹyin gan-an ni tẹmómítà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe níbòmíì nínú yàrá.

Kúlà ni mò ń lò báyìí, kúlà tí wọ́n fi ń ta yọ́gọ́ọ̀tì, èyí tó nípọn. Ìgò omi lítà kan mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ike ẹyin láàárín. Omi yẹn kì í jẹ́ kí ooru gòkè lójijì tàbí kó já wálẹ̀ lójijì. Ilẹ̀ ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti ń sún mọ́ 30, màá pààrọ̀ ìgò kan sí èyí tó tutù láti inú fìríìjì, kì í ṣe yìnyín, tútù lásán. Kò sí iná tó máa lọ kó bà á jẹ́ torí pé iná ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

8. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa

Ẹyin á kọ́kọ́ wọ inú díẹ̀, á làágùn, lẹ́yìn náà ẹ ó rí ojú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ẹ̀, bí ẹni fi réésà là á. Eyín kékeré kan ló wà ní ṣóńṣó imú ọmọ, ìyẹn ló fi ń là á. Omi tó ń fà á yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà imú, imú lásán, tó kéré ju orí ìṣáná lọ, á yọ, á dúró, á mí, ẹ ó rí omi tó ń hó tí ó sì ń bẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Tí ẹ bá mí kan kúlà, á wọlé padà. Mo lè jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fà á jáde, ohun tó kù nínú pupa ẹyin ló ń fà sínú ikùn.

Tí wọ́n bá ti jáde, kálukú sínú ike tiẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n lè gbé ara wọn mì. Tíṣù tútù díẹ̀, ìdérí ìgò omi fún àwo omi, ibi ìsápamọ́ kékeré, kí ẹ sì fi bírò wo ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò ní jẹun títí wọ́n á fi bọ́ awọ àkọ́kọ́, bí ọjọ́ 7 sí 10. Lẹ́yìn yẹn ẹ fún wọn ní ọmọ eku tó kéré jù.

Ẹlòmíì ò ní jẹ ẹ́. Ẹ fọ ọmọ eku yẹn pẹ̀lú omi àti ọṣẹ tí kò lóòórùn, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ fi òun àti ejò sínú ife ike kékeré tó ní ihò lórí, ẹ fi aṣọ bò ó títí di àárọ̀. Ibi tó há, tó ṣókùnkùn, ló máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀ balẹ̀. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ má fọwọ́ tì í lẹ́nu.

Àwọ̀ wọn sì máa yà yín lẹ́nu. Akọ tèmi pupa àti funfun ni, kò ní dúdú kankan lára, ojú ẹ̀ pupa. Abo mi ní àwọ̀ tó wọ́pọ̀, ọsàn pẹ̀lú ilà dúdú. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí jọ ìyá wọn, kò sí ẹyọ kan tó jọ bàbá, ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sínú ẹ̀jẹ̀, tí irú wọn méjì bá gun ara wọn, bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló máa jọ bàbá bàbá wọn. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni bàbá, ta ni ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n pa, kí ló jẹ, ọjọ́ wo ló jẹ ẹ́.

Ọmọ tí kò bá tíì jẹun lẹ́ẹ̀mẹta láìsí wàhálà, mi ò kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ fi fọ́tò ilé tó máa fi í sí ránṣẹ́ sí mi. Ìdérí ẹ̀ ni mò ń wò, màá ní kó fi bírò há ihò ẹ̀ kó tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sì bi í bóyá àwọn ará ilé ẹ̀ ti mọ̀.